Nana Khadijah: Obìnrin Tó Fi Làákàyè Ara Rẹ̀ Yan Ọkọ, Tí Kò Sì Kábàámọ̀

 

Ẹni tó bá mọ Bajulaiye ní Ṣómólú dáadáa mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi mọ agbègbè náà. Lára ohun tí àwọn atẹ̀wé ń tẹ̀ ni káàdì ìyàwó. Orúkọ ọkọ wà níbẹ̀, orúkọ ìyàwó wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé méjèèjì, ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì àti ibi tí àwọn àlejò yóò ti jẹun. Káàdì náà á máa dán lójú. Ṣùgbọ́n káàdì kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ṣé ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ mọ irú ẹni tó fẹ́ bá lọ? Ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àbí àwọn ènìyàn ló bá a gbà á? Ṣé ó ti rí nǹkan kan tó ń kọ ọ́ lóminú, tó sì gbé e mì nítorí pé wọ́n ti san owó káàdì, wọ́n sì ti pín aṣọ ẹbí?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ọmọ wa kan wà tí wọn kò gba ara wọn gbọ́ rárá lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ohun tí ìyá bá sọ, ohun tí ọ̀rẹ́ bá sọ, ohun tí ààfáà bá lá lójú àlá, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀lé. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dídùn orí fóònù ni wọ́n fi ń yan ọkọ tàbí aya. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. Obìnrin kan ti rìn ín ṣíwájú wa ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, òun sì ni ìyá gbogbo àwa onígbàgbọ́ òdodo: Nana Khadijah, ọmọ Khuwaylid, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i.

Obìnrin oníṣòwò ní Mẹ́kà

Inú ẹ̀yà Quraysh ni wọ́n ti bí Khadijah, ní ìdílé Asad. Khuwaylid ni bàbá rẹ̀, Fatimah ọmọ Za'idah sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé ọlọ́lá ni. Ní àkókò àìmọ̀kan yẹn, nígbà tí Ìsìláàmù kò tíì dé, ìwà rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Tahirah, èyí tó túmọ̀ sí obìnrin tó mọ́.

Ilẹ̀ Mẹ́kà kò ṣeé dáko. Òwò ni àwọn Quraysh fi ń jẹun. Nígbà òtútù, àwọn oníṣòwò á kó ẹrù sórí ràkúnmí lọ sí Yemen. Nígbà ooru, wọ́n á kó o lọ sí ilẹ̀ Shaam, níbi tí Síríà wà lónìí. Ọlọ́hun dárúkọ ìrìn àjò méjèèjì nínú Suratu Quraysh. Khadijah ní owó nínú òwò yìí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í bá wọn rìn. Ó máa ń gbé ọjà lé àwọn ọkùnrin lọ́wọ́, wọ́n á lọ tà á, wọ́n á sì pín èrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣòwò mọ ohun tí irú òwò bẹ́ẹ̀ ń bèèrè. Ẹni tó gbé ọjà lé ọ ń retí pé wàá sọ òótọ́ iye tí o tà á. Bí o bá purọ́ nípa ọjà tí ó wà ní ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ sí ilé, ta ni yóò mú ọ? Nítorí náà, obìnrin tó bá fi irú òwò bẹ́ẹ̀ là ti kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn. Ó ti mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, ó sì ti mọ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ìṣirò rẹ̀ máa ń pé. Ojú tí Khadijah fi ń yan aṣojú lọ́jà ni ó padà fi yan ọkọ.

Kò ṣàìmọ ilé ọkọ tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ́ ọkọ méjì rí, Abu Halah àti Atiq, ó sì ti bímọ. Nígbà tí kò sí ọkọ lọ́rùn rẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́lá Quraysh tò wá láti fẹ́ ẹ. Wọ́n ní owó, wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ènìyàn lẹ́yìn. Khadijah kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Khadijah, ibi tó ti sọ pé òun gbà ni a máa ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ pé òun kò fẹ́, bí ó bá sọ pé òun fẹ́, a kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ìrìn àjò tó ṣí i lójú

Ní àkókò yìí, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25. Ọmọ òrukàn ni. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6, bàbá bàbá rẹ̀ Abdul Muttalib sì kú nígbà tó di ọmọ ọdún 8. Abu Talib, arákùnrin bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà, Abu Talib kò sì lówó lọ́wọ́. Ànábì ti da ẹran rí fún àwọn ará Mẹ́kà. Ohun tó ní tó ju owó lọ ni orúkọ rere. Al-Amin ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ẹni tó ṣeé fi ọkàn tán.

Khadijah gbọ́ nípa òótọ́ inú rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá gbé ọjà òun lọ sí Shaam. Ó ṣèlérí láti fún un ju ohun tó ń fún àwọn mìíràn lọ. Ànábì gbà. Khadijah fi ìránṣẹ́ rẹ̀ Maysarah tẹ̀lé e.

Wọ́n dé ọjà Busra, wọ́n tà, wọ́n rà, wọ́n sì padà sí Mẹ́kà pẹ̀lú èrè tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n èrè kọ́ ni ohun tó wúlò jù tí Maysarah mú bọ̀. Ó bá ìyá ọlọ́jà rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bí kì í ṣe é purọ́ láti ta ọjà, bí ìwà rẹ̀ ṣe rí lójú ọ̀nà nígbà tí oòrùn bá mú àti nígbà tí ó bá rẹ gbogbo wọn. Àwọn onítàn tún mẹ́nu ba àwọn àmì ìyanu tí Maysarah rí. A gba ìyẹn gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwa òbí òde òní kò lè retí àmì ìyanu lára ẹni tó wá tọrọ ọmọ wa. Ìwà ni a lè wò.

Wọ́n gbà á wá pé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ọkùnrin kan wá jẹ́rìí ẹlòmíràn níwájú Umar, ọmọ Khattab. Umar bi í léèrè bóyá aládùúgbò ẹni náà ni tó mọ ìwọlé àti ìjáde rẹ̀, bóyá ó ti bá a rin ìrìn àjò rí, tàbí bóyá ó ti bá a ṣe ohun tó la owó lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ pé rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Umar sọ fún un pé kò mọ ẹni náà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ Khadijah, kò sí èyí tó kù. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ìránṣẹ́ rẹ̀ bá Ànábì rìnrìn àjò. Owó tirẹ̀ gan-an ló sì wà lọ́wọ́ Ànábì. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi lè balẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn rí ọkùnrin tó rẹwà.

Alárenà àti ìdílé

Nígbà tí ọkàn Khadijah ti mọ ohun tó fẹ́, kò fi pamọ́, kò sì fi ìkánjú bà á jẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Nafisah, ọmọ Munyah. Nafisah ló di ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní alárenà. Ó lọ bá Ànábì, ó sì bi í léèrè ohun tó dí i lọ́wọ́ láti gbéyàwó. Ànábì fèsì pé òun kò ní ohun tí òun yóò fi gbé e. Nafisah wá bi í bóyá yóò gbà bí wọ́n bá bá a yanjú ìyẹn, tí wọ́n sì pè é sọ́dọ̀ obìnrin tó ní ẹwà, owó àti iyì. Ànábì bèèrè ẹni náà. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Khadijah, ó ya á lẹ́nu, ó sì bèèrè bí ìyẹn ṣe lè ṣeé ṣe. Nafisah ní kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Ìdílé méjèèjì pàdé. Abu Talib àti Hamzah wà lára àwọn tó tẹ̀lé Ànábì lọ. Ní ọ̀dọ̀ Khadijah, Amr ọmọ Asad, arákùnrin bàbá rẹ̀, ló dúró fún un, nítorí Khuwaylid ti kú. Abu Talib dìde, ó yin Ọlọ́hun, ó sì sọ iyì ọmọ arákùnrin rẹ̀. Kò fi àìní owó rẹ̀ pamọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó dà bí òjìji tí kì í dúró sójú kan. Nínú ìtàn kan, ogún ràkúnmí ni wọ́n san ní sọ̀dáàkì. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni pé Khadijah jẹ́ ẹni 40 ọdún ní ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan sọ pé ẹni ọdún 28 ni.

Ẹ fojú inú wò ó pé ní àdúgbò wa ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin olówó, tó ti lọ ilé ọkọ lẹ́ẹ̀mejì, tó fẹ́ fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a ta ọjà! Wọ́n á ní owó rẹ̀ ló ń wá. Wọ́n á ní ó ti fún un ní nǹkan jẹ. Àwọn ẹbí á ṣe ìpàdé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí Khadijah bá jẹ́ ẹni tó ń fi ẹnu ayé ṣe ìpinnu, ì bá ti mú ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá tó ti kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sá lọ fẹ́ ọkọ ní bòókẹ́lẹ́. Làákàyè rẹ̀ ló ṣíwájú, ìdílé rẹ̀ sì dúró tì í. Bí ìgbéyàwó tó dára ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́hun fi ọmọ kẹ́ wọn: Qasim, Zaynab, Ruqayyah, Umm Kulthum, Fatimah àti Abdullah. Àwọn ọkùnrin kú ní kékeré. Inú ilé kan náà ni Ali, ọmọ Abu Talib, ti dàgbà, àti Zayd ọmọ Harithah, tí Khadijah fi ta ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ, tí Ànábì sì sọ di òmìnira.

Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ìbẹ̀rù

Ọdún 15 kọjá. Ànábì ti di ẹni 40 ọdún. Ó máa ń lọ sí ihò àpáta Hira láti dá wà àti láti jọ́sìn, Khadijah sì máa ń di oúnjẹ fún un. Ní ọdún 610, nínú oṣù Ràmàdáànì, málàíkà Jibril dé bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú Alùkùránì.

Ànábì sọ̀kalẹ̀ wá sílé, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo òun. Nígbà tí ẹ̀rù náà rọ̀, ó ròyìn ohun tó rí fún ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ pé òun ń bẹ̀rù fún ẹ̀mí òun.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ì bá pariwo pe ará ilé. Khadijah kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọkọ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀, ó sì fi Ọlọ́hun búra pé Ọlọ́hun kò ní dójú tì í láéláé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ló sọ, ó ka ẹ̀rí sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun ń so okùn ẹbí pọ̀, ó ń bá aláìlágbára gbé ẹrù rẹ̀, ó ń fún aláìní, ó ń ṣe àlejò dáadáa, ó sì ń ran ẹni tí ìṣòro bá dé bá lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó kà yìí ló ti fi ojú rẹ̀ rí fún ọdún 15. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hira ṣàjèjì sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò ṣàjèjì sí i. Ó fi ohun tó mọ̀ ṣe ìdájọ́ ohun tí kò tíì mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló mú Ànábì lọ bá Waraqah, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tó sì mọ àwọn ìwé tí Ọlọ́hun ti sọ̀kalẹ̀ ṣáájú. Waraqah jẹ́rìí sí i pé málàíkà tó wá bá Ànábì Musa ló wá bá a. Ẹ kíyè sí i: Khadijah kò rò pé nítorí pé òun dá ara òun lójú, òun kò nílò onímọ̀. Kò sì dúró de onímọ̀ kí ó tó mọ ohun tó ti mọ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀dá, òun ló kọ́kọ́ gba Ànábì gbọ́.

Ọdún ebi

Nígbà tó di ọdún keje tí Ànábì ti ń jíṣẹ́, àwọn Quraysh dìtẹ̀ mọ́ ìdílé Hashim àti ìdílé Muttalib. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá wọn ṣòwò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe àna. Àwọn ìdílé méjèèjì kó lọ sí àfonífojì Abu Talib, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ebi pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn ọmọdé láti òkèèrè.

Khadijah kì í ṣe ọmọ Hashim. Ìdílé Asad ni tirẹ̀, ìwé yẹn kò sì bá wọn wí. Ó lè jókòó sínú ilé rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó máa jẹ àjẹyó. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ síbi tí ebi wà. Hakim, ọmọ arákùnrin rẹ̀, gbìyànjú láti gbé àlìkámà wọlé fún un, Abu Jahl sì fẹ́ dá a dúró lọ́nà. Obìnrin tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí Shaam tẹ́lẹ̀ ló wá ń dúró de àlìkámà díẹ̀ báyìí. Ó ná owó rẹ̀ sójú ọ̀nà Ọlọ́hun, kò sì sọ ọ́ rí pé òun ṣi ọkọ yàn.

Èyí ni ìdánwò tòótọ́ fún ìpinnu ènìyàn. Ìpinnu tó dára kì í ṣe èyí tí ìyà kò ní tẹ̀lé. Òun ni èyí tó jẹ́ pé nígbà tí ìyà bá dé, o kò ní máa wo ẹni tí ẹ jọ wà gẹ́gẹ́ bí àjèjì.

Ọkọ tó yàn fún ọmọ rẹ̀

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Khadijah ní arábìnrin kan tó ń jẹ́ Halah, Halah sì bí ọmọkùnrin kan, Abu al-As. Oníṣòwò tí àwọn ènìyàn fọkàn tán ni. Khadijah fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, òun ló sì bẹ Ànábì pé kí ó fi Zaynab fún un. Ìsìláàmù kò tíì dé nígbà náà.

Nígbà tí Ìsìláàmù dé, Zaynab gbà, Abu al-As kò gbà. Àwọn Quraysh fẹ́ dààmú Ànábì nípasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin Abu Lahab, tí àdéhùn ìgbéyàwó ti wà láàárín wọn àti Ruqayyah pẹ̀lú Umm Kulthum, kọ àwọn ọmọbìnrin náà sílẹ̀ bí bàbá wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n lọ bá Abu al-As pẹ̀lú. Wọ́n ní kí ó kọ Zaynab, obìnrin Quraysh tó bá sì fẹ́ ni àwọn yóò fún un. Ó ní òun kò kọ ìyàwó òun.

Ọdún kọjá. Khadijah kú. Ànábì ṣí lọ sí Mọ̀dínà, ogun Badr sì jà ní ọdún 624. Wọ́n mú Abu al-As lẹ́rú ogun. Àwọn ará Mẹ́kà ń fi owó ìtúsílẹ̀ ránṣẹ́. Zaynab, tó ṣì wà ní Mẹ́kà, fi ẹ̀gbà ọrùn kan kún ohun tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbà Khadijah ni, èyí tó fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tí Ànábì rí i, àánú ṣe é gidigidi. Ó bẹ àwọn sàábé pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ohun tí Zaynab fi ránṣẹ́ padà fún un. Wọ́n gbà.

Abu al-As ṣèlérí pé òun yóò jẹ́ kí Zaynab máa bọ̀ ní Mọ̀dínà, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tó yá, kí Mẹ́kà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, ó kọ́kọ́ dá ọjà tí àwọn ará Mẹ́kà gbé lé e lọ́wọ́ padà fún wọn pátápátá. Ìgbà tí kò sí gbèsè ẹnikẹ́ni lọ́rùn rẹ̀ mọ́ ló tó jẹ́rìí sí Ìsìláàmù, tó sì padà sọ́dọ̀ Zaynab. Ànábì yìn ín pé ó bá òun sọ̀rọ̀, ó sọ òótọ́. Ó ṣèlérí, ó sì mú un ṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Khadijah ni ọkùnrin tó yàn fún ọmọ rẹ̀ fi hàn pé kò ṣì í yàn. Ohun kan náà tó wò lára ọkọ rẹ̀ ló ti wò lára ọkọ ọmọ rẹ̀: ẹni tó bá di owó àti ìlérí mú, tí kò jí i.

Ikú rẹ̀ àti ìrántí rẹ̀

Khadijah kú ní nǹkan bí ọdún 619, ọdún mẹ́ta ṣáájú híjírà, lẹ́yìn tí wọ́n jáde kúrò nínú àfonífojì. Ọdún kan náà ni Abu Talib kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọdún yẹn ní ọdún ìbànújẹ́. Wọ́n sin ín sí Hajun ní Mẹ́kà. Nǹkan bí ọdún 25 ni wọ́n fi jọ gbé. Ní gbogbo ìgbà tó wà láyé, Ànábì kò fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e. Kí ó tó kú, Jibril ti mú kíkí Olúwa rẹ̀ wá fún un, pẹ̀lú ìròyìn ilé kan nínú àlùjánnà tí kò sí ariwo tàbí làálàá nínú rẹ̀.

Ànábì kò gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá pa àgbò, ó máa ń fi lára ẹran náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadijah. Nígbà tí Halah wá sí Mọ̀dínà, tí Ànábì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rántí bí Khadijah ṣe máa ń tọrọ àyè láti wọlé, ara rẹ̀ sì yí padà. Nana Aishah fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ìyàwó Ànábì tí òun jowú rẹ̀ tó Khadijah, bẹ́ẹ̀ sì ni kò bá a láyé gẹ́gẹ́ bí orogún.

Kí ni kí a mú lọ sílé?

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin àti ọkùnrin, làákàyè tí Ọlọ́hun fún yín kì í ṣe fún ìwé kíkà àti ìṣirò owó nìkan. Ẹ lò ó lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́. Ẹ má wo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí owó ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń bá ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan fún un sọ̀rọ̀, àti bóyá ìlérí rẹ̀ máa ń ṣẹ. Ohun tí ẹ bá rí léraléra, ẹ gbà pé ẹ rí i. Bí ó bá dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ayé lé yín kúrò níbẹ̀. Bí kò bá sì dára, ẹ má máa tan ara yín pé yóò yí padà lẹ́yìn yìgì.

Ìstíkárà dára, sunnah ni. Ṣùgbọ́n àdúà ni, kì í ṣe àlá ọ̀ranyàn, kò sì gba ipò ìwádìí. Khadijah ṣe ìwádìí kí ó tó rán alárenà.

Ẹ̀yin òbí, ipò yín tóbi, ọmọbìnrin yín sì nílò yín gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìgì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Khansa, ọmọ Khidam, tí bàbá rẹ̀ fún lọ́kọ tí kò fẹ́. Ó mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá Ànábì, Ànábì sì tú ìgbéyàwó náà ká. Ẹ rántí Barirah pẹ̀lú, ẹrúbìnrin tó gba òmìnira tó sì yàn láti fi ọkọ rẹ̀ Mughith sílẹ̀. Mughith ń sunkún tẹ̀lé e kiri Mọ̀dínà. Ànábì fúnra rẹ̀ bá a bẹ̀ ẹ́. Barirah bèèrè bóyá àṣẹ ni, Ànábì ní ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Barirah ní òun kò fẹ́, Ànábì kò sì bínú sí i. Bí Ànábì Ọlọ́hun bá lè bẹ obìnrin kan lórí ọ̀rọ̀ ọkọ, kí ó sì gbà nígbà tó kọ̀, ta ni àwa tí a ń fi omijé àti ègún mú ọmọ wa?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń múra ìgbéyàwó, kí ẹ tó gbé orúkọ ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Bajulaiye tàbí níbikíbi, ẹ pè é sí yàrá, ẹ bi í léèrè ohun tó rí lára ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, ẹ má jẹ́ kí owó káàdì dùn yín. Ẹgbẹ̀rún káàdì ṣeé dà nù, a sì lè tẹ òmíràn ní ọjọ́ mìíràn. Ìgbésí ayé ọmọ ẹni kò ṣeé tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Ọlọ́hun yọ́nú sí ìyá wa Khadijah. Kí Ó fún àwọn ọmọ wa ní ojú tí a fi ń mọ ènìyàn, kí Ó sì fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ wọn. Aamin.